Ohun Tí A Ní Là Ń Náání

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwọn kan máa ń fi òwe yìí tu aláìní nínú, bí ẹni pé èèpo igi náà kò já mọ́ nǹkan kan, pé ẹni tó ni ín kàn ń rọ́jú ni. Bẹ́ẹ̀, ọmọ aṣẹ́gità mọ èèpo igi ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó mọ èyí tó ń tètè gbaná, ó mọ èyí tó ń rú èéfín síni lójú, ó sì mọ èyí tí alágbo yóò wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ ló fi ń náání rẹ̀. Ojú yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo àwọn ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ tó wà nílùú wa, àwọn tí kì í ṣe ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ńlá kankan, tó jẹ́ pé ẹni tó ni wọ́n náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀. Ìbàdàn ni mò ń gbé, Ìbàdàn ni mo sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé olùtajà nìkan ló níṣẹ́ ṣe, pé kí ẹni tó ń rà ṣáà ti mú owó dání. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jíjẹ́ oníbàárà ní ìlànà tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìlànà náà lè máa jẹun kiri ìlú fún ogún ọdún kó má gbádùn rẹ̀ dénú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àmàlà, nítorí ta ló fẹ́ dárúkọ Ìbàdàn tí kò ní dárúkọ rẹ̀? Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Oògùn yìí kì í ṣe ohun tí a ń sáré pò. Wọ́n á bẹ isu, wọ́n á fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú omi náà mọ́jú, kí wọ́n tó sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ló di èlùbọ́. Púpọ̀ nínú èlùbọ́ tí à ń jẹ, ọ̀nà Òkè-Ògùn ló ti ń wá, láti Ṣakí àti àwọn ìlú tó yí i ká, ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń já sí. Ewédú fẹ́ ìjábẹ̀. Gbẹ̀gìrì fẹ́ ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ kúrò, tí a sè títí ó fi yọ́. Ẹni tó bá wá jókòó nílé olóúnjẹ tó ń pariwo pé kí wọ́n tètè dá òun lóhùn, iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ló ń kánjú sí yẹn.

Kí ènìyàn mọ àkókò. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ìkòkò tuntun ló yẹ ká bá àmàlà, nígbà tó ṣì ń dán, tó ń jóni lọ́wọ́. Ẹran tó dára jù, ògúnfe àti ìgẹ̀, kì í dúró de ẹni tó bá fi ọ̀sán ṣòfò. Bí o bá sì dé iwájú ẹni tó ń bu ọbẹ̀, má tíì nàka sí ohunkóhun. Bi í pé, "Màmá, kí ló dára lónìí?" Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nílé oúnjẹ, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá tó mọ̀ ọ́, tó mọ̀ pé o máa padà wá, kò ní tàn ọ́. Yóò ní, "Ẹ má jẹ ṣàkì lónìí, kò rọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bu fùkù fún yín." Kò sí ìwé tí wọ́n tẹ iye owó oúnjẹ sí tó lè fún ọ nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn yẹn lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta ti kúrò ní èrò ọ̀nà, ó ti di ara ilé.

Ní Bódìjà, ilé oúnjẹ kan wà tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àmàlà Skye. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé ìtòsí báǹkì Skye ló wà. Kò sí apolówó ọjà tó jókòó ro orúkọ náà. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún ara wọn, àpèjúwe wọn ló wá di orúkọ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye, báǹkì Polaris sì bọ́ sípò rẹ̀. Báǹkì ti lọ, àmàlà ṣì ń jẹ́ Skye. Ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní òwò tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn kì í tọ́jọ́. Ẹnu àwọn tó jẹun yó níbẹ̀ ló ń gbé e dúró. Nítorí náà, bí ibì kan bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ ọ́ síta. Júwe ọ̀nà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí àlejò bá ti Èkó tàbí ti Lọ́ńdọ̀nù wá bá ọ, má sáré gbé e lọ síbi tó lè rí nílùú tirẹ̀. Mú un lọ bá olóúnjẹ rẹ, kó o sì fi wọ́n mọ ara wọn.

Ní ti ọjà, ìlànà tí àwọn ìyá wa fi lélẹ̀ ṣì dúró. Ẹni tó bá dé ìsọ̀ ní kùtù hàì, tó jẹ́ pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ tà fún, kó mọ̀ pé àkọ́tà ló wà lọ́wọ́ òun. Àkọ́tà lọlọ́jà fi ń wo bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí. Kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ná ọjà títí kó wá kẹ̀yìn sí i láìrà, kò sì yẹ kó béèrè àwìn. Bí kò bá tíì dá a lójú pé òun máa rà, kó kí wọn, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá o," kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan á ní ìgbàgbọ́ ayé àtijọ́ nìyẹn. Mo rí ọgbọ́n níbẹ̀. Ẹni tó ti ń pàtẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ tútù àti owó gidi ló yẹ kó kọ́kọ́ pàdé.

Níná ọjà kò burú. Ó ń mú kí ẹni méjì sọ̀rọ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tó ń gbé èlùbọ́ láti Ṣakí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì àti èédú gbówó lórí. Ẹni tó bá ní kí ìyá olóúnjẹ má fi kọ́bọ̀ kan kún owó, tó tún ń bínú pé ẹran kéré, ohun méjì tí kò lè gbé pọ̀ ló ń wá. Ó sì máa ń dùn mí láti rí ẹni tó san gbogbo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara nǹkan ní sùpámákẹ́ẹ̀tì láìlanu, tó wá dé ọ̀dọ̀ aláta kó tó rántí pé òun gbọ́n. Èènì dùn bó bá ti ọkàn ẹni tó ń tà wá. Ẹ má fipá gbà á.

Ẹ ò ní gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú nítorí pípa owó dà tí Báǹkì Àpapọ̀ ṣe. Ènìyàn lówó ní báǹkì, kò rí i gbà. Ó fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, owó náà kò dé ibi tó rán an. Ta ló bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà yẹn? Àwọn ìyá olóúnjẹ àti oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò ni, àwọn tó ń sọ pé, "Ẹ máa jẹun ná, bó bá wọlé ẹ ó san." Wọn kò sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, ẹni tó ń kí wọn, tó ń béèrè ọmọ wọn, tó ti ń sanwó rẹ̀ pé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ tó ń ka iye ọjà ní ilé ìtajà ńlá kò mọ ojú ẹnì kankan. Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú oore yìí fún, kó tètè san án, kó má jẹ́ kí wọ́n béèrè. Bó bá sì jẹ́ orí fóònù ló ti sanwó, kó dúró kí alẹ́ẹ̀tì wọlé kó tó dìde, nítorí àwọn kan ti fi alẹ́ẹ̀tì irọ́ lu àwọn ìyá wọ̀nyí ní jìbìtì.

Owó tí a san náà, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e díẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, alájọ yóò yà lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, yóò gba tòní, yóò sàmì sí káàdì. Ìparí oṣù ni ìyá yóò kó o. Àpò èlùbọ́ ń tibẹ̀ jáde, owó ilé ìwé ọmọ ń tibẹ̀ jáde, owó iṣẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ náà ń tibẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ẹni tó ń ta ewé àti ẹni tó ń lọ ata. Ìlú ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ní ti àwọn ilé ìtajà ńlá, Dúgbẹ̀ ní Ìbàdàn ti rí Kingsway tí ilé iṣẹ́ UAC ni, ó rí Leventis. Àwọn ilé ìtajà yẹn ti kógbá sílé. Shoprite ti South Africa wọ Nàìjíríà ní ọdún 2005. Ní 2020 ó kéde pé òun fẹ́ máa lọ, nígbà tó sì di 2021, àwọn oníṣòwò Nàìjíríà rà á. Mi ò bá irú wọn jà, mo sì máa ń lọ síbẹ̀ bí mo bá ń wá ohun tí aládùúgbò mi kò tà. Ṣùgbọ́n ibi tó jìnnà sí wa ni wọ́n ti ń pinnu bóyá wọn ó dúró tàbí wọn ó lọ, kò sì sẹ́ni tó ń wá bi oníbàárà Ìbàdàn léèrè. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́. Àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnì kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ta ọjà lẹ́dìn-ínwó ni ilé ńlá kún fọ́fọ́. Ìyá tí kò lè ta lẹ́dìn-ínwó, tó wà níbẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn, òun ló yẹ kí ẹsẹ̀ wa mọ ọ̀nà rẹ̀ jù.

Ohun mìíràn tún wà tí ilé oúnjẹ ń ṣe fún ìlú, èyí tí a kì í kà mọ́ ọn. Ní ọdún 1961, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bíi Ulli Beier ará Jámánì, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wá ibi tí wọn yóò ti máa pàdé, ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì kan nítòsí ọjà Dúgbẹ̀ ni wọ́n sọ di Mbari. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń pàtẹ àwòrán, tí wọ́n sì ti ń tẹ ìwé jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dúró Ládiípọ̀ àti Beier sọ ilé ọtí tí Ládiípọ̀ ní ní Òṣogbo di Mbari Mbayo, ibi tí ayàwòrán bíi Twins Seven-Seven ti wá di ìlú mọ̀ọ́ká. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọn kí ènìyàn máa jẹun tán kó máa sáré jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ìjókòó bá wà, tí èrò kò sì tò, jókòó. Bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo sọ nípa oúnjẹ kan ìwé àti aṣọ náà. Kí ẹni tó ń wá ìwé wọ ilé ìtàwé bíi Odusote ní Òkè-Bọ́lá, kó bi àwọn tó ń tà á ohun tó tún jáde. Kí ẹni tó ń wá aṣọ-òkè dé ọjà Òjé, kó bá àwọn tó ń kó o wá láti Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀, kó béèrè bí wọ́n ṣe hun ún. Ní ti télọ̀, ẹni tó bá gbé aṣọ ọdún lọ ní ọ̀sẹ̀ ọdún, kó má dá télọ̀ nìkan lẹ́bi.

Wọ́n lè bi mí pé ṣé gbogbo tiwa ló dára ni. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Mo ti dé oko ẹlòmíràn, mo mọ̀ pé àwọn ibì kan wà nílùú wa tí omi ìfọwọ́ wọn kò mọ́, tí eṣinṣin pọ̀, tí wọ́n ń dáni lóhùn bí ẹni pé a wá tọrọ. Nínáání kò ní ká dijú sí ìyẹn. Ó ní ká sọ ọ́ fún ẹni tó ni ibẹ̀, lójú rẹ̀, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pààrọ̀ omi yìí." Àwọn tó ń yọ fóònù ya fídíò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gàn ni wọ́n ń wá, wọn kò wá àtúnṣe. Bí a bá sọ ọ́ tí kò yí padà, ká gba ibòmíràn lọ, ìlú tóbi.

Ìgbà tí ìyá àgbà bá fa ìkòkò lé ọmọ lọ́wọ́ ni oníbàárà tòótọ́ ń hàn. Agbára kò sí mọ́ láti máa ro ọkà lójoojúmọ́, ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ọmọ á bọ́ síwájú ìkòkò, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdajì àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ á ti pòórá. Wọ́n á ní gbẹ̀gìrì kò rí bíi ti màmá. Òótọ́ lè ni. Gbẹ̀gìrì màmá náà kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ nígbà náà ló ń sọ fún un pé iyọ̀ kéré, pé ó ki jù, tí wọ́n sì ń padà wá lọ́jọ́ kejì. Kí àwa náà sọ fún ọmọ náà, kí a jẹ èyí tó sè, kí a sanwó, kí a sì padà wá lọ́la.