ORÚKỌ TÍ A Ń PE ÀWỌN ÀGBÀ WA



 Wáàsí wa ti oṣù yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé olúkúlùkù wa. Àpótí tí a fi ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà wa níbí ní Kánò la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. “Ìrànlọ́wọ́ fún àwọn arúgbó” ni a kọ sí i lára láti ọjọ́ tó ti wà. A ti pinnu láti yí orúkọ náà padà. Àwọn kan ń bèèrè pé, ṣé orúkọ ni wọn yóò jẹ ni? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a pín owó lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, a ṣe é bí a ti máa ń ṣe é: a ka orúkọ ní àsàlátù, ẹni tí a bá pè á dìde, á wá gbà á. Ìyá wa kan, ọmọ Ọ̀fà, tó ti ń ta gààrì ní ọjà Sábóngàrí kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò dìde. A rò pé etí ni. A tún un pè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a mú owó náà lọ bá a nílé. Ó kí wa dáadáa, ó fún wa lómi mu, ó sì ti owó náà padà sí wa. Ó ní, “Àfáà, ẹ bá mi dá a padà síbi tó ti wá. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń dá owó sínú àpótí yẹn, ẹ kò fi ọjọ́ kan pè mí ní arúgbó.” Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé owó oúnjẹ kò tó ìyá yìí lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá ní akínyẹmí ara.

Nínú èdè wa, arúgbó àti àgbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Àárẹ̀ ara ni arúgbó ń wí. Àgbà ní ọ̀wọ̀ nínú, ó ní ìmọ̀ràn nínú. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé náà mọ ìyàtọ̀ yìí: tsoho ni ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n dattijo ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n ń bu ọlá fún. Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ àwa oníṣòwò ní èyí. Ẹ kọ “àlòkù” sára aṣọ tuntun, kí ẹ wá wo iye tí wọn yóò ná an.

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fi ojú kékeré wo orúkọ. Ọmọbìnrin Umar kan wà tí ń jẹ́ Aasiya, èyí tó túmọ̀ sí aláìgbọràn. Ànábì sọ ọ́ di Jamiila, arẹwà. Imam Muslim ló gbà á wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ fún Hazn, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ilẹ̀ líle, pé kó máa jẹ́ Sahl, ìrọ̀rùn. Hazn kọ̀, ó ní òun kò ní yí orúkọ tí bàbá òun sọ òun padà. Sa'id ọmọ Musayyab, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, sọ lẹ́yìn náà pé líle yẹn kò kúrò nínú ìdílé àwọn. Inú ìwé Bukhari ni èyí wà. Ẹni tó bá ní ká má fọwọ́ kan orúkọ àpótí nítorí pé àwọn bàbá wa ló sọ ọ́, kí ó rántí Hazn. Nínú Suuratu Hujuraat pẹ̀lú, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa.

Kì í sì í ṣe àwa la kọ́kọ́ dé ibi yìí. Ọmọ wa kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n ló la ojú wa sí ti àwọn ará ìlú ọba. Ní 1940, nígbà ogun Hitler, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tó ti dàgbà. Ní 1971, ìgbìmọ̀ yẹn di Age Concern, bí ẹni ń sọ pé àníyàn lórí ọjọ́ ogbó. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní 1961, òun ń jẹ́ Help the Aged: ẹ ran àwọn arúgbó lọ́wọ́. Ní April 2009, àwọn méjèèjì da ara pọ̀, wọ́n sì wá di Age UK. Ẹgbẹ́ Age Concern ti ìlú kọ̀ọ̀kan dá dúró fún ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní àpò tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn bá wọn lọ, wọ́n fi orúkọ ìlú tiwọn kún un. Àwọn kan di orúkọ àtijọ́ mú títí dòní.

Ká má purọ́, ìdàpọ̀ ló fà á. Ẹgbẹ́ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó já bọ́ bí orúkọ ti ń yí: “arúgbó” lọ, “ìrànlọ́wọ́” lọ, “àníyàn” náà lọ. Ọjọ́ orí nìkan ló kù, kò sì sí ẹni tí kò ní tirẹ̀.

Àwa mọ̀ pé orúkọ nìkan kò tó. Ọjọ́ tí Mọ́kà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, Abubakar fa bàbá rẹ̀, Abu Quhafa, lọ́wọ́ wá bá Ànábì. Bàbá náà ti fọ́jú, irun orí rẹ̀ ti funfun báláú. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi bàbá sílẹ̀ nílé, kí òun fúnra òun lọ bá a. Àwa sì ń pe ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dìde láàárín èrò!

Abu Yusuf náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí owó ìlú pé Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) rí bàbá kan, Yahudi, afọ́jú, tó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú un lọ sílé, ó fún un ní nǹkan, ó sì ránṣẹ́ sí akápò pé kò tọ́ kí a jẹ nínú owó rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, kí a wá pa á tì nígbà ogbó. Ìyá wa kò ka ìwé Abu Yusuf, àmọ́ ohun tó sọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Nítorí náà, a kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni ní àsàlátù mọ́. Ilé la ó máa gbé e lọ, lẹ́yìn ìrun mọ̀ńgàríbì. “Owó àwọn àgbà wa” ni a fẹ́ máa pè é. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá sọ ọ́ fún wa ní ilé-kéú kí àsàlátù tó ń bọ̀ tó pé. Owó ìyá wa ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Àwọn ìyá àsàlátù ni yóò gbé e lọ bá a lọ́tẹ̀ yìí, a kò sì ní kọ nǹkan kan sí i lára.