Ìdúróṣinṣin Kì Í Ṣe Oríkunkun

Bí a bá di ọ̀rọ̀ kan mú nínú ìjọ tí a kò sì yẹsẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá òtítọ́ ni à ń gbèjà tàbí ìgbéraga tiwa? Ìgbésí ayé Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, lè là wá lójú.

Arius, àlùfáà kan ní ìlú náà, ń kọ́ni pé ẹ̀dá ni Jésù, Ọmọ Ọlọ́run. Ní ọdún 325, àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea kọ ẹ̀kọ́ yìí. Díákónì ni Athanasius nígbà náà. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 328. Ohun tí ó dì mú ni pé ẹ̀dá kò lè gba ẹ̀dá là: bí Jésù kì í bá ṣe Ọlọ́run, a kò tíì rí ìgbàlà.

Síbẹ̀, àwọn tí ó fara mọ́ Arius rí ojúrere ní ààfin olú-ọba Róòmù. Àwọn ọ̀tá Athanasius fẹ̀sùn kàn án pé ó pa bíṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ Arsenius, ó sì gé ọwọ́ rẹ̀ láti fi ṣe oògùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a: wọ́n rí Arsenius láàyè níbi tí ó sá pamọ́ sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé. Ìyẹn kò mú wàhálà tán. Ìgbà 5 ni Athanasius kúrò ní ìlú lábẹ́ olú-ọba 4. Nínú ọdún 45 tí ó fi jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ó lo nǹkan bí 17 ní ìgbèkùn.

Ṣùgbọ́n olóríkunkun náà lè fara da ìyà. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ohun tí ó ṣe ní 362, nígbà tí ó ti aginjù padà wálé, tí àyè àtigbẹ̀san sì ṣí sílẹ̀. Ó pe àpéjọ ní Alẹkisáńdíríà. Àwọn tí a ti fi ipá mú tàbí tí a ti tàn jẹ, kí wọ́n ṣáà kọ ẹ̀kọ́ Arius sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Nicaea, a gbà wọ́n padà. Àwọn mìíràn ń jà lórí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ nípa Mẹ́talọ́kan. A bi apá kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ní lọ́kàn. Nígbà tí a rí i pé ohun kan náà ni wọ́n gbà gbọ́, ìjà parí.

Ẹ̀kọ́ nìyí fún ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le ní ìpàdé, ǹjẹ́ a máa ń béèrè ohun tí arábìnrin wa ní lọ́kàn kí a tó dá a lóhùn? Bí ó bá sì yí padà, ṣé inú wa yóò dùn, àbí a ó fẹ́ kí ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wá lójú gbogbo ẹgbẹ́? Olóríkunkun ń fẹ́ borí ènìyàn. Ẹni tí ó dúró ṣinṣin ń fẹ́ jèrè rẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ẹnu tí kò fi òtítọ́ pamọ́, àti ọwọ́ tí kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń padà bọ̀. Àmín.