Èrè Wo Ló Wà Nínú Ìtàn Àwọn Ará Gíríìsì fún Mùsùlùmí?

  

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àlàsárì. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ní: "Áfáà, ìtàn àwọn ará Gíríìsì ni wọ́n ń kọ́ wa ṣáá. Abọ̀rìṣà sì ni wọ́n. Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún Mùsùlùmí?" A kò bá a wí, nítorí àwa náà bi ara wa ní ìbéèrè yìí nígbà tí a ti ilé kéwú bọ́ sí yunifásítì. Ìdáhùn tí a fún un la fẹ́ fi tó gbogbo yín létí.

Èkíní, ẹni tó bá fẹ́ lajú kì í tijú àtikẹ́kọ̀ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1200 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, àwọn ààfin ńláńlá ilẹ̀ Gíríìsì, irú èyí tó wà ní Mycenae, wó lulẹ̀, ọ̀nà ìkọ̀wé wọn sì pa rẹ́. Ó tó nǹkan bí 400 ọdún kí wọ́n tó tún máa kọ̀wé. Ọwọ́ àwọn ará Fòníṣíà, oníṣòwò orí òkun tí ilẹ̀ wọn wà níbi tí à ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí, ni wọ́n ti gba lẹ́tà tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ètò abjad, ẹ kà á wò: alif, ba, jim, dal. Àwọn ará Gíríìsì ń pe tiwọn ní alpha, beta, gamma, delta. Orísun kan náà ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n wá sọ díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà di fáwẹ̀lì. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni lẹ́tà ti dé Róòmù, òun náà la fi ń kọ Yorùbá tí ẹ ń kà yìí.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè. Ní 594, Solon fi òfin dè é ní Athens pé wọn kò gbọdọ̀ fi ọmọ ìlú ṣẹrú nítorí gbèsè. Hippocrates wá ìdí àìsàn nínú ara aláìsàn fúnra rẹ̀. Euclid kó ìmọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ àti ìrísí nǹkan jọ sínú ìwé ní Alẹkisáńdíríà.

Èkejì, ìyapa ń ba ohun tí ìmọ̀ kọ́ jẹ́. Nígbà tí ọba Páṣíà gbógun dé ní 480, Athens àti Sparta pawọ́ pọ̀ lé e padà. Ṣùgbọ́n láti 431 di 404, àwọn méjèèjì dojú ìjà kọ ara wọn. Owó Páṣíà, ọ̀tá àná, ni Sparta fi kan ọkọ̀ ogun tó fi ṣẹ́gun Athens! Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní 338, Philip ọba Masidóníà borí wọn. Ní 146, Róòmù pa ìlú Corinth run. Bákan náà, ìmọ̀ wọn kò mú kí wọ́n ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo ènìyàn: obìnrin àti ẹrú kò ní ohùn nínú ìpàdé Athens, wọ́n sì pa Socrates ní 399 nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ohun tí àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú ṣe. Ní ayé Kálífà Ma'mun, tó jọba láti 813 di 833 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísà, wọ́n ń túmọ̀ ìwé Gíríìsì sí Lárúbáwá ní Bàgídáádì. Hunayn ibn Ishaq, ọ̀gá àwọn atúmọ̀ ìwé ìṣègùn, Kìrìsìtẹ́nì ni, wọn kò sì torí ìyẹn kọ ìmọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Wọ́n sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Wọ́n fi òrìṣà Gíríìsì sílẹ̀, wọ́n sì tún àṣìṣe inú ìmọ̀ wọn ṣe. Euclid ní ojú ló ń ta ìmọ́lẹ̀ síta tí a fi ń ríran. Ibn al-Haytham fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ló ń wá bá ojú. Irú ìwé báwọ̀nyí ni àwọn ará Yúróòpù tún túmọ̀ ní Toledo ní ilẹ̀ Sípéènì ní nǹkan bí ọdún 1100 sí 1200.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má sá fún ìmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú asẹ́ yín dání. Kí ọmọ ilé kéwú má fojú tín-ín-rín ọmọ yunifásítì, kí ọmọ yunifásítì má sì rẹ́rìn-ín ọmọ ilé kéwú. Ẹ má dí ọ̀nà ìmọ̀ mọ́ àwọn arábìnrin yín. Bí ẹgbẹ́ wa bá fi àríyànjiyàn yapa, ìtàn Athens àti Sparta la tún ń kọ.

Ọmọ wa náà ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún un àti fún gbogbo wa ní ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní, kó sì dá wa sí ìrẹ́pọ̀. Àmín.