Ìṣirò Owó Kì í Ṣe Àrífín

Ẹ jẹ́ kí a jọ rò ó wò: bí obìnrin bá béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ìlú, ṣé àrífín ni?

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ fọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa nìyí. Ilẹ̀ Ìlàjẹ ni epo rọ̀bì wa ti ń wá. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe iná wà ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, lágbègbè Òkìtìpupa. Síbẹ̀, lẹ́yìn 2010, ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkìtìpupa, Ìrèlè àti Ìlàjẹ lo ju ọdún márùn-ún lọ láìrí iná. Fìtílà ni àwọn ọmọ fi ń kàwé.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó létí òkun ní 1947, àpò kan ni gbogbo wọn ń kó owó iṣẹ́ wọn sí. Láàrin àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ní iná tiwọn, láìsí owó epo rọ̀bì. Olúkúlùkù ló ń fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àpò náà rà.

Lónìí, àpò náà ti jìnnà. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí ó kéré tán náírà 13 nínú 100 tí a bá rí lórí epo padà sí ìpínlẹ̀ tó ti wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ dá OSOPADEC sílẹ̀ ní 2001 fún àwọn ìlú elépo. NEITI, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2007, a máa tẹ ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ epo san àti ohun tí ìjọba gbà jáde. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà ní Àbújá kò tíì di ìṣirò fún ìyá tó ń yan ẹja ní Ìgbókọ̀dá. Àfi bí ẹni tó ni owó bá gbọ́ ọ ní èdè tó yé e.

Àwọn kan ní gbèsè owó iná ló fa òkùnkùn náà. Ó dáa, ẹ ka ìwé gbèsè sí wa létí, kí ẹ sì ka ti epo pẹ̀lú.

Nínú Ẹgbẹ́ wa, akápò a máa dìde ka ìṣirò. Kò sí ẹni tó máa ní a pè é ní olè. Ìṣirò náà ló ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀.

Òkun jìnnà sí Arákálẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń jẹ nínú rẹ̀. Òfin 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí wọ́n sì dáhùn láàrin ọjọ́ 7. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Àwa tí a mọ̀wé kọ, ẹ jẹ́ ká bá àwọn arábìnrin wa létí òkun kọ ọ́. Ẹni tó bá béèrè ohun tirẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kò rí ẹnikẹ́ni fín.