Ìtàn Wo Ni O Fi Sílẹ̀ Nígbà Tí O Sọ̀kalẹ̀ L'Ọ́kọ̀?

Bismillahi Rahmani Rahim.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba t'Ó tẹ́ ilẹ̀ ní pẹrẹsẹ, t'Ó la ọ̀nà sí i, t'Ó sì fi ẹ̀dá ènìyàn sí ìlú l'ọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ k'ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni t'ó ń tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ọ̀rọ̀ wa l'óṣù yìí dá lé ìrìn-àjò, àti àwọn ènìyàn tí à ń bá pàdé l'ójú ọ̀nà. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀dọ́ kì í jáde kúrò ní Ẹdẹ yìí. Àwọn kan ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àwọn kan ń lọ wá iṣẹ́ ní Èkó, àwọn mìíràn ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìlú tí wọn kò mọ ẹnì kankan. Púpọ̀ nínú wa l'ó mọ àdúrà tí à ń ṣe nígbà tí a bá wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa l'ó ti rò ó rí pé ẹni t'ó jókòó tì wá nínú ọkọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ l'ọ́rùn wa?

Ìdí Tí A Fi Yàtọ̀ Síra

Nínú Suratul Hujurat, áyà 13, Ọlọ́hun fi yé wa pé l'ára ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni Òun ti dá wa, tí Ó sì pín wa sí orílẹ̀-èdè àti ìran, kí á lè mọ ara wa. Ẹ wo ìdí tí Ó sọ dáadáa. Kì í ṣe kí á lè máa fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ara wa, kì í sì í ṣe kí á lè máa sá fún ara wa. Báwo wá ni ará Ẹdẹ yóò ṣe mọ ará Kánò bí wọn kò bá pàdé? Bí wọ́n bá sì pàdé tí oníkálukú pa ẹnu mọ́, kí ni wọ́n mọ̀? Nínú Suratur Rum, áyà 22, Ó ka ìyàtọ̀ èdè wa àti àwọ̀ wa mọ́ àwọn àmì Rẹ̀, bí Ó ti ka dídá sánmà àti ilẹ̀. Ẹni t'ó bá fi etí sílẹ̀ gbọ́ ìtàn àjèjì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmì Ọlọ́hun l'ó ń wò.

Òótọ́ ni pé ìrìn-àjò nira. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì pè é ní ìpín kan nínú ìyà, nítorí pé ó ń dí ènìyàn l'ọ́wọ́ oorun, oúnjẹ àti ohun mímu. Ó ní kí ẹni t'ó bá ti parí ohun t'ó bá lọ tètè padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹni t'ó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'ọ́nà Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fi àánú sínú ìyà náà, àánú ọ̀hún sì ni alábàárìn rere. Ìtàn dídùn a máa sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú. Ìyá t'ó ń ta aṣọ yóò sọ ojú t'ó ti rí l'ọ́jà. Bàbá t'ó ti fẹ̀yìn tì yóò sọ bí ìlú ti rí nígbà èwe rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin yóò sọ ti ilé kéwú t'ó jáde. Kí á tó mọ̀, a ti dé.

Àgọ́ Umm Ma'bad

Ẹ jẹ́ kí á wo Hijra, ní ọdún 622. Ànábì kúrò ní Mákà, ó ń lọ sí Mọ̀dínà, àwọn ọ̀tá sì ń wá a kiri. Abu Bakr wà pẹ̀lú rẹ̀, Amir ibn Fuhayra náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n háyà kí ó máa mọ̀nà fún wọn ni Abdullahi ibn Urayqit, tí kì í ṣe Mùsùlùmí ní àkókò náà. Síbẹ̀ wọ́n fi ẹ̀mí wọn lé e l'ọ́wọ́, kò sì dà wọ́n.

L'ójú ọ̀nà, wọ́n dé àgọ́ obìnrin kan tí à ń pè ní Umm Ma'bad. Wọ́n fẹ́ ra oúnjẹ l'ọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dá mú l'ọ́dún náà. Kò sí ohun t'ó kù nílé àfi àgùntàn kan t'ó rù, tí kò lè bá àwọn yòókù lọ jẹko. Ànábì kò kàn nawọ́ mú ohun olóhun. Ó kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda l'ẹ́nu ìyá náà. Nígbà t'ó gbà fún un, ó dárúkọ Ọlọ́hun, ó ṣe àdúrà, ó fún wàrà, wàrà sì kún inú àwo. Ta ni ó kọ́kọ́ mu ún? Ìyá náà ni. L'ẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn alábàárìn. Ànábì fúnra rẹ̀ l'ó mu kẹ́yìn. Ó tún fún òmíràn, ó fi í sílẹ̀ fún onílé, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Nígbà tí ọkọ ìyá náà dé, t'ó rí wàrà, ẹnu yà á. Umm Ma'bad kò tíì mọ ẹni tí àlejò náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀: ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀, ọ̀wọ̀ t'ó wà l'ára rẹ̀ nígbà t'ó dákẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò pọ̀ jù tí kò sì kéré jù. Títí di òní, ìròyìn ìyá inú àgọ́ yìí wà nínú àwọn ìròyìn tí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn jùlọ nípa bí Ànábì wa ti rí.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ro ó wò. Ìgbà díẹ̀ péré ni wọ́n fi pàdé. Wàrà ti tán, àgọ́ ti wó, ṣùgbọ́n ìtàn kò parun. Ẹnikẹ́ni tí ìwọ náà bá bá pàdé l'ójú ọ̀nà, yóò délé, wọn yóò sì bi í pé, "Báwo l'ọ̀nà?" Ìwọ ni yóò ròyìn. Kí ni yóò sọ?

Ẹnu Arìnrìn-àjò L'a Ti Gbọ́ Ẹ̀sìn

Àwa ará Ẹdẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Kò sí ogun kan t'ó fi idà gbé Islam wọ ìlú wa. Mùsùlùmí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí jíhádì Shehu Usman dan Fodio t'ó bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà tí wọ́n ń ti ìlú dé ìlú ni wọ́n mú un wá. Ọ̀pọ̀ l'ó gbà pé ara orúkọ ilẹ̀ Mali ni a ti yọ "Ìmàle" tí wọ́n ń pè wá. Àwọn àlejò wọ̀nyí dé, wọ́n sọ̀, wọ́n bá onílé jẹun, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun, wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ l'ọ́jà. Onílé wò wọ́n títí, ó ní, "Ẹ̀yin, ta l'ó kọ́ yín?" Kò pẹ́ kò jìnnà, ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Timi fúnra rẹ̀, Ọba Habibu Lagunju, jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì fẹ́ fi òfin Ṣẹríà tún ìlú ṣe. Ìwà àwọn arìnrìn-àjò l'ó ti la ọ̀nà sílẹ̀.

Ibn Battuta Àti Sálámà T'ó Gbé

Nínú àwọn arìnrìn-àjò Mùsùlùmí, òkìkí Ibn Battuta kàn jùlọ. Ìlú Tangier ní Mòrókò l'ó ti gbéra ní 1325. Ọmọ ọdún 21 ni, irú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Nígbà tí àwọn èrò tí wọ́n jọ ń lọ dé Tunis, àwọn ará ìlú jáde wá kí àwọn ènìyàn wọn, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò kí i, nítorí kò sí ẹni t'ó mọ̀ ọ́n. Ó ròyìn pé ìbànújẹ́ bá òun débi pé òun sunkún. Ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò náà kíyè sí i, ó súnmọ́ ọn, ó kí i ní sálámà, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Sálámà kan péré ni o. Bí ẹni náà bá ti gbójú kúrò, bóyá ọmọ náà ì bá ti padà sílé.

Nígbà t'ó dé Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, àlùfáà kan tí à ń pè ní Burhan al-Din sọ fún un pé ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ràn ìrìn-àjò. Ó ní bí ó bá dé Íńdíà, Síńdì àti Ṣáínà, kí ó bá òun kí àwọn arákùnrin òun mẹ́ta tí wọ́n wà níbẹ̀. Ibn Battuta kò tíì ní i l'ọ́kàn láti dé ibi t'ó jìnnà bẹ́ẹ̀. Ó wí pé òun pàdé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta l'ẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, òun sì jíṣẹ́ sálámà náà. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin t'ẹ ẹ máa ń gbàgbé pé ẹnì kan ní kí ẹ bá òun kí ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ ìkíni, àmáànà ni.

Èyí t'ó tún yani l'ẹ́nu ni pé ó pàdé ọkùnrin kan ní Ṣáínà, ará Ceuta, al-Bushri l'orúkọ rẹ̀. Ọdún gorí ọdún, Ibn Battuta padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń múra láti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ilé ẹni t'ó sọ̀ sí ní Sijilmasa, arákùnrin al-Bushri ti Ṣáínà náà ni! Láti ibẹ̀ l'ó ti lọ sí Mali ní 1352. Inú rẹ̀ kò dùn sí gbogbo nǹkan t'ó rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí pé arìnrìn-àjò kì í bẹ̀rù olè, àti pé bí àlejò bá kú, wọ́n a fi ohun ìní rẹ̀ pamọ́ sí ọwọ́ olóòótọ́ títí ẹni t'ó ni ogún yóò fi dé. Ní 1355 ni wọ́n parí kíkọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 670 ọdún báyìí, a sì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yin àwọn ará Mali. Ìtàn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlejò nìyẹn.

Àwa Ńkọ́?

Ojú irin tí wọ́n là láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ẹdẹ kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ bàbá wa ti bá Hausa àti Nupe jókòó, tí wọ́n kọ́ èdè, tí wọ́n pín ẹ̀kọ jẹ. L'ónìí, kí mọ́tò tó kúrò ní Akọ́dà, oníkálukú ti ki okùn fóònù bọ etí. A óò jókòó ti ara wa dé Èkó, a kò ní mọ orúkọ ara wa. Bí ìyá àgbà kan bá kí wa, a óò mi orí. A ń bá ẹni t'ó wà ní ìlú òyìnbó sọ̀rọ̀ nínú fóònù, a kò dá ẹni t'ó wà l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ wa l'óhùn.

A gbà á wá pé ọkùnrin kan ń jẹ́rìí sí ìwà ẹnì kan níwájú Umar ibn al-Khattab. Umar bi í bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, bóyá wọ́n ti jọ ṣe òwò pọ̀, bóyá wọ́n ti jọ rin ìrìn-àjò. Gbogbo rẹ̀ l'ó ní rárá. Umar ní a jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará mi, inú mọ́ṣáláṣí, gbogbo wa l'a dára. Nínú ọkọ̀ t'ó bàjẹ́ l'ójú ọ̀nà, nínú oòrùn, níbi tí omi kò ti tó, níbẹ̀ ni ìwà ti ń jáde.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú nǹkan wọ̀nyí lò:

1. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kí ni. Mùsùlùmí, kí i ní sálámà. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kí i bí Yorùbá ti ń kíni, kí o sì bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nínú agbo ilé wa ní Ẹdẹ, ọmọ ìyá kan lè lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí èkejì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni t'ó mọ̀nà fún Ànábì nígbà Hijra, ẹ rántí.

2. Pín ohun t'ó wà l'ọ́wọ́ rẹ. Ànábì pàṣẹ l'ójú ìrìn-àjò pé kí ẹni t'ó ní ohun gígùn tàbí èsè t'ó ṣẹ́kù fi ran ẹni tí kò ní l'ọ́wọ́. Ìjókòó rẹ l'ẹ́bàá fèrèsé náà lè di sàrà fún aláboyún.

3. Gbọ́ ju bí o ti ń sọ lọ. Kí ìtàn rẹ jẹ́ òótọ́, má sì fi ẹran ara ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣe èsè ọ̀nà. Ẹni t'ó bá gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́, rere ni yóò sọ, àbí kí ó dákẹ́.

4. Ìfura l'oògùn àgbà. Ọlọ́ṣà wà tí ń fi ọkọ̀ èrò bojú. Inú gáréèjì ni kí o ti wọ ọkọ̀. Má sọ iye owó ọwọ́ rẹ fún ẹnikẹ́ni, má sì gba oúnjẹ l'ọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀. So ràkúnmí rẹ mọ́lẹ̀ ná, kí o tó gbára lé Ọlọ́hun.

5. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ rẹ ojú yín sílẹ̀, ẹ má fi ìtàn dídùn dẹ pàkúté fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin arábìnrin, hìjáábù yín kò ní kí ẹ yadi. Ẹ wá ìjókòó l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ rere ṣe ẹ̀ṣọ́.

6. Bí ẹ bá pé mẹ́ta, ẹ yan ọ̀kan ṣe aṣáájú, bí Ànábì ti kọ́ wa. Kí ẹ sì máa ṣe àdúrà fún ara yín títí ẹ ó fi dé, nítorí àdúrà arìnrìn-àjò wà nínú àwọn tí kì í padà lófo.

Ẹni t'ó rìn jìnnà l'ó ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí o ti ń wo ọ̀nà, ọ̀nà náà ń wò ọ́. Obìnrin inú àgọ́ kan kò mọ orúkọ àlejò rẹ̀, ó sì sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Ọlọ́hun Ọba Alálàáfíà, pa wá mọ́ l'ójú ọ̀nà, l'álọ l'ábọ̀. Fi alábàárìn rere ṣe ẹlẹ́gbẹ́ wa, sọ àwa náà di alábàárìn rere. Jẹ́ kí ẹni t'ó bá bá wa pàdé fẹ́ràn ẹ̀sìn Rẹ nítorí ohun t'ó rí l'ára wa. Ní ọjọ́ tí ìrìn-àjò ilé ayé bá parí, kó wa jọ sí Àlùjánnà. Àmín.