Ta Ló Ní Ẹnu Lórí Ọkọ̀ Tí Ń Bọ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ẹnu àwa èèyàn kì í sinmi, ẹ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Bẹẹrẹ, tàbí níbi tí àwọn onítakisí ti ń retí èrò ní ẹsẹ̀ òkè Màpó. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ àríyànjiyàn. Kì í ṣe lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́ o, lórí èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tí ì fojú kàn ni. Báwo ni RAV4 tuntun ṣe rí? Èyí tí yóò tún tẹ̀lé e ńkọ́? Ṣé iná iwájú rẹ̀ yóò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àbí yóò fẹ̀? Ṣé bóòtù rẹ̀ yóò gba ẹrù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ọ̀kan á ní òun ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Èkejì á ní irọ́ ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́, ariwo ti gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ẹni tó ń kọjá lọ lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ṣòro kí á rí ẹnìkan nínú àwọn tí ń jiyàn wọ̀nyí tí yóò ra ọkọ̀ náà ní tuntun. Bí ó bá máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn, tòkúnbọ̀ ni yóò jẹ́. Ẹni kan tàbí ẹni méjì ti gùn ún gbó nílẹ̀ òkèèrè. Kí ló wá kan àlejò nínú ilé tí wọn kò tí ì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn: ẹni tí kò ṣe ọkọ̀, tí kò sì ní rà á ní tuntun, ṣé ó ní ẹnu láti sọ bí ó ṣe yẹ kí ọkọ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Irú àríyànjiyàn báyìí máa ń bí ojúkòkòrò. Ẹ wo orúkọ tí a ń sọ ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Honda Accord ti ọdún 2003 dé, ó wù wá débi pé a sọ ọ́ ní "End of Discussion". Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò tún sí ọkọ̀ mọ́. Ọdún mélòó ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún fi parí? Wọ́n tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe díẹ̀, àwa náà bá yí ohùn padà, a ní "Discussion Continues", ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ti ọdún 2008 tún yọjú, a pè é ní "Evil Spirit". Toyota Camry náà ní tirẹ̀: "Big Daddy" lọ, "Muscle" dé, "Muscle" ń lọ lọ́wọ́, "Spider" ti wọlé.

Ẹni tó fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra "End of Discussion" wá di ẹni àná. Ọkọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́, kò sì kọ̀ láti gbé e lọ síbi tó ń lọ. Ìtìjú ni wọ́n dá sí i lára. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìtìjú yìí kì í ṣe èèṣì. Láti àwọn ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Alfred Sloan jẹ́ olórí ibẹ̀, ti sọ ọ́ di àṣà láti máa pààrọ̀ ìrísí ọkọ̀ lọ́dọọdún, kí ẹni tó ra ti èṣí lè máa wo tirẹ̀ bí ohun tó ti gbó. Nítorí náà, bí a bá ń fi ọjọ́ wa ṣòfò lórí bí iná iwájú yóò ṣe rí, ọjà ọlọ́jà ni à ń bá a polówó, a kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tí ì dájọ́. Ẹ tún padà gbọ́ àríyànjiyàn yẹn dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí RAV4 tuntun? Dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀, tẹlifíṣàn ni o!"

Ẹ̀gbọ́n á dá a lóhùn: "Ṣé tẹlifíṣàn ló máa gbé e jáde nínú kòtò ni? Báwo ló ṣe ga sílẹ̀ tó? Ibo ni wọ́n gbé bátìrì ẹ̀ sí? Bí àgbàrá bá bá a lọ́nà ńkọ́, ìwọ ọmọ yìí?"

Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ọkọ̀ kan náà ni. Ẹni àkọ́kọ́ ń béèrè ohun tí àwọn èèyàn yóò rí bí wọ́n bá rí i nínú ọkọ̀ náà. Ẹni kejì ń béèrè ohun tí ojú ọkọ̀ náà yóò rí. Ti àkọ́kọ́, ìlara wà nídìí rẹ̀. Ti èkejì, ìmọ̀ ni. Ẹni tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín kò dúró tó láti ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi Micra ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1992 ni Nissan gbé irú èyí tó kún ìgboro wa fún ọdún gbọọrọ jáde. Wọ́n ń ṣe é ní Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1993, òun ni ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà kan tàbí lítà kan lé díẹ̀ lọ. Àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ ń ro ìdílé kékeré ní ìlú olóòótù. Kò sí Ọjà'ba lọ́kàn wọn.

Ẹ wá wo ohun tí a sọ ọ́ dà. Èrò kún inú rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ata àti àpò gàrí wà ní bóòtù, ó sì ń gun òkè Màpó. Àwọn ọ̀nà tóóró tó gba àárín agbo ilé kọjá ní Bẹyẹrúnkà, kí mọ́tò tó dé ni wọ́n ti wà. Ọkọ̀ gbàǹgbà kò lè yí padà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Micra ń wọlé, ó ń jáde. Awakọ̀ tó ti gùn ún fún ọdún púpọ̀ mọ irin tó máa ń ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó mọ ìró tí ẹ́ńjìnnì máa ń dún kí omi rẹ̀ tó gbẹ, ó sì mọ iye èrò tó lè gbé gun òkè kí ó má ráhùn. Èwo nínú àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ ló mọ èyí? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ló ni aṣọ. Àwa la ni àkísà. Ọgbọ́n sì wà nínú àkísà: òun ló ń fi hàn wá ibi tí aṣọ ti kọ́kọ́ ń ya.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè wa nìyí, ní apá kìíní: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ẹnu. Kì í ṣe owó nìkan ló ń fún èèyàn ní ẹnu lórí nǹkan. Ìlò náà ń fún un. Ẹni tó ra ọkọ̀ ní tuntun lè tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó má tilẹ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni ọkọ̀ ti ń darúgbó. Ẹni tó bá arúgbó gbé ló sì mọ àìsàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí. Nínú oṣù kárùn-ún ọdún 2025, Nissan fi Micra tuntun han aráyé. Nínú oṣù yẹn kan náà, Toyota fi RAV4 tuntun hàn. Micra yìí kò mu bẹntiróòlù rárá. Iná mànàmáná ni ó ń fi rìn, ilé iṣẹ́ Renault ní ilẹ̀ Faransé ló sì ń ṣe é, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Renault 5. RAV4 ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà níbi tí ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ti ń wá, kò sí èyí tó jẹ́ bẹntiróòlù nìkan mọ́. Ẹ́ńjìnnì àti bátìrì ńlá ló jọ ń gbé e rìn, alámùúlùmálà. Bí ìṣe wa bá ṣì jẹ́ bó ṣe wà, irú èyí ni yóò máa ti èbúté wọlé sí wa ní bí ọdún mẹ́wàá sí i.

Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kárùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí onítakisí tí kò fẹ́ ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣí bátìrì náà bó bá kú? Ọmọ iṣẹ́ tó ń fọ púlọ́ọ̀gì lónìí ní Bẹẹrẹ, tó ń retí ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, ṣé iṣẹ́ tó ń kọ́ yìí yóò ṣì bọ́ ọ nígbà tó bá di ọ̀gá? Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n gbé bátìrì sí, oúnjẹ ọ̀la ọmọ yẹn ló ń béèrè.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ó dáa, ẹ ní ẹnu. Ta ló ń gbọ́ yín ní Japan?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń ra tuntun ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń tẹ́tí sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ wa lórí ìrísí ọkọ̀ kì í gba òkun kọjá kó tó ṣẹ. Ìgbà bọ̀lẹ̀kájà ni. Férémù àti ẹ́ńjìnnì lásán, irú ti Bedford tàbí ti Austin, ló ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan ara ọkọ̀ sí i. Ọlọ́kọ̀ lè sọ pé kóko ni òun fẹ́ fi kó, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀. Tàbí pé èrò ni, kí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i. Gbẹ́nàgbẹ́nà á sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn àti ayùn wà níbì kan náà.

Lẹ́yìn náà ni Peugeot dé, tí àwa ń pè ní Pijó. Ọdún 1968 ni 504 jáde ní Faransé. Ní ọdún 1975, Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀. Èyí tó ní ẹ̀yìn gígùn, oníjókòó ìlà mẹ́ta, ni ọba ọ̀nà jíjìn ní gáréèjì wa. Àwọn Faransé gbé 505 jáde ní ọdún 1979 láti fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dá 504 dúró lọ́dọ̀ wọn ní ọdún 1983. Kàdúná ṣì ń tò ó fún ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó ti gbó lójú wọn ṣì ń gbéṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní Ìbàdàn níbí gan-an, Leyland ní ilé iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover pọ̀.

Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé ilé iṣẹ́ ńláńlá wọ̀nyí kò fún wa ní ẹnu tó ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Títò ni à ń tò, òkèèrè ni wọ́n ti ń yàwòrán. Nígbà tí owó náírà rẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì wọ́n, ọ̀pọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Gbẹ́nàgbẹ́nà bọ̀lẹ̀kájà kò ní ẹ̀rọ tó pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìdí tí pákó fi wà níbi tó wà, ó sì lè ṣí i kúrò níbẹ̀.

Apá kejì ìdáhùn mi nìyí. Ìlò ń fún èèyàn ní ẹnu, ọwọ́ ló ń jẹ́ kí ẹnu náà ràn. Ọwọ́ ara ẹni la sì fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tó gbé sípíríǹgì ọkọ̀ sókè nítorí kòtò ti tún ọkọ̀ náà yà. Ẹni tó so àgbá gáàsì mọ́ ọkọ̀ bẹntiróòlù nítorí ọ̀wọ́n epo ti tún un yà. Ohun tó kù ni pé kí ìmọ̀ yìí má wà lẹ́nu nìkan. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa ń kú, wọ́n ń gbé ogójì ọdún ìmọ̀ lọ sí ọ̀run, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ wọn bá ní ìwé ńlá kan ṣoṣo, tí wọ́n ń kọ irin tó ń ṣẹ́ àti ìdí tó fi ń ṣẹ́ sínú rẹ̀, ó sàn ju ẹgbẹ̀rún àwòrán orí fóònù lọ. Bí wọ́n bá sì rán ọmọ iṣẹ́ méjì lọ kọ́ nípa bátìrì báyìí, tí ọkọ̀ náà kò tí ì dé, kò ní bá wọn lójijì.

Nítorí náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí ó pa ẹnu mọ́ ní Bẹẹrẹ. Ẹ máa jiyàn lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí iná iwájú àti dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ rántí pé ọjà ọlọ́jà lẹ ń polówó. Bí ó bá dé orí kòtò, àgbàrá, ẹrù àti bátìrì, ẹ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ súnmọ́ tòsí, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì mú bírò dání.