Ìmọ̀ Yúsúfù àti Ìmọ̀ Kọ́rúnù

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí gbogbo ìmọ̀ ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìpáyà Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín.

Iṣẹ́ kan ti gbilẹ̀ láàrin wa: iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà nínú òwò, tí àwọn èwe ń pè ní kóòṣì. Iṣẹ́ rere ni, nítorí ìmọ̀ tí ó ṣe ènìyàn láǹfààní wà lára ohun tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dá lẹ́yìn ikú. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe sọ pé a mọ iṣẹ́ kan, tí kò fi ní di ìgbéraga? Báwo ni a ó sì ṣe rẹ ara wa sílẹ̀, tí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé wa kò fi ní ṣìnà?

Ẹ jẹ́ kí á wo ènìyàn méjì nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Àwọn méjèèjì ni ó sọ pé àwọn ní ìmọ̀. Èkíní ni Ànábì Yúsúfù (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Nígbà tí ó túmọ̀ àlá ọba Íjíbítì, tí ó sọ nípa ọdún 7 tí oúnjẹ yóò pọ̀ àti ọdún 7 tí yóò le, kò fi ara pamọ́. Ó ní kí ọba fi òun ṣe alábòójútó àká ilẹ̀ náà, nítorí pé òun ní ìmọ̀ rẹ̀, òun sì lè ṣọ́ ọ. Bí ó bá dákẹ́, ebi ni ìbá pa àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé iwájú ọba, láti inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti sọ fún àwọn méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ pé Olúwa òun ni ó kọ́ òun.

Èkejì ni Kọ́rúnù, ara ìjọ Ànábì Músá. Kọ́kọ́rọ́ ilé ọrọ̀ rẹ̀ nìkan wúwo fún àwọn alágbára láti gbé. Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kìlọ̀ fún un, ó ní ìmọ̀ òun ni ó mú ọrọ̀ náà wá. Ilẹ̀ gbé òun àti ilé rẹ̀ mì.

Ẹ kíyè sí i: sísọ pé a mọ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Yúsúfù ka ìmọ̀ rẹ̀ sí ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Kọ́rúnù kà á sí ti ara rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá mọ bí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, àti bí a ti ń ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, kí á sọ ọ́ ní gbangba láì ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n èrè kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ẹni tí ó bá búra fún opó pé owó àjọ rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì kí oṣù tó parí, ohun tí ó wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun ni ó ń tà. Bí òwò náà bá wó, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ òrukàn ilé rẹ̀?

Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a) rí àwọn àgbẹ̀ Mọdínà tí wọ́n ń fi òdòdó akọ igi dàbínù sí ara abo, ó sì ní òun kò rò pé ó wúlò. Wọ́n fi í sílẹ̀, èso wọn kò sì dára. Nígbà tí ó gbọ́, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n mọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ayé wọn jù. Bí ẹni tí ìmísí ń sọ̀ kalẹ̀ fún bá lè sọ èyí, kí ló dé tí àwa kò fi lè sọ fún aláta tàbí aláṣọ pé, “Èyí kò yé wa, ẹ kọ́ wa”? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣe wá àti ẹlòmíràn láǹfààní, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ó di ẹ̀rí takò wá. Àámíìn.